Katakata àtijọ́ tó ń hó lẹ́nu iṣẹ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jogún katakata kan lọ́wọ́ bàbá mi. Bẹntiróò ló ń mu, sìlíńdà mẹ́rin ló ní, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí mo bá tàn án tí mo fi í sílẹ̀ láìṣiṣẹ́, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kò ní gbóná. Àmọ́ tí mo bá fi túlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, géèjì á ti wọ ibi pupa, omi á sì máa hó jáde lẹ́nu rédíétọ̀. Mo ti pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, mo ti pààrọ̀ pọ́ǹpù omi. Wọ́n tún ní kí n yọ thermostat dànù, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, mo yọ ọ́, ibi tí mo wà náà ni mo ṣì wà. Ṣé kí n kúkú ra rédíétọ̀ tuntun ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á o. Ẹ ti náwó sórí ìdérí àti pọ́ǹpù láìmọ̀ bóyá wọ́n bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí rédíétọ̀ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbóná bá wá bá mi, n kì í kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ti pààrọ̀. Ìgbà tó ń gbóná ni mo máa ń bi í, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ti ń hàn. Èyí tó ń gbóná níbi tó dúró sí láìṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó má rí atẹ́gùn tó. Èyí tí omi rẹ̀ ń tú fọ́ọ́fọ́ọ́ bí ẹ bá ṣe ń tàn án báyìí, kí ara irin tó gbóná rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí. Tiyín fara balẹ̀ nígbà tó dúró, iṣẹ́ ló ń mú un hó. Èyí túmọ̀ sí pé ooru tí iṣẹ́ ń mú wá ju èyí tí omi lè gbé jáde lọ. Bóyá omi náà kò rìn dáadáa, bóyá ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń dá ooru tí kò yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú rédíétọ̀. Katakata tó ti ṣiṣẹ́ oko fún ọdún gbọọrọ, ìyàngbò àti irúgbìn koríko máa ń há sí àárín àwọn abẹ rẹ̀ tín-ín-rín. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ síta, ẹ má ti iwájú fẹ́ ẹ wọlé, ẹ óò tún kì í mọ́lẹ̀ ni. Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù náà, kó má dẹ̀ jù. Fáànù tí wọ́n bá sì dè lódì kì í yí ìhà tí atẹ́gùn ń gbà padà, agbára rẹ̀ ló máa ń dín kù, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í rí i. Mo dè ọ̀kan bẹ́ẹ̀ fúnra mi lẹ́yìn tí mo kun katakata kan tán, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá àìsàn rẹ̀ kiri.

Inú rédíétọ̀ gan-an ni mo fura sí jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń bu omi lásán sí i, ìdọ̀tí funfun bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù á ti lẹ̀ mọ́ inú ihò rẹ̀, irin tó dógùn-ún láti inú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí àwọn sìlíńdà wà nínú rẹ̀, á tún ti wá jókòó síbẹ̀. Bí ihò bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá dí, ẹ kò ní mọ̀ nígbà tí katakata bá dúró lójú kan láìṣiṣẹ́, nítorí ooru kò pọ̀. Ọjọ́ ìtúlẹ̀ lẹ óò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, ẹ tú họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tàbí èdídí dí ẹnu ìsàlẹ̀, ẹ bu omi kún rédíétọ̀, kí ẹ wá ṣí i lójijì. Omi gbọ́dọ̀ dà wàà. Tó bá ń sun tẹ̀ẹ̀, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná láti òkèèrè tún lè ta á sí ojú rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá móoru. Ibi tó bá tutù láàárín ibi gbígbóná, omi kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ má gbàgbé búlọ́ọ̀kù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da omi rẹ̀ nù ní ẹ̀gbẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá tú u, omi kankan kò ní jáde, ẹrẹ̀ ipata ló dí i. Ẹ fi wáyà gún un títí omi yóò fi máa dà. Àwọn sìlíńdà ẹ̀yìn ni ẹrẹ̀ náà máa ń bò jù.

Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ náà ń tanni jẹ. Pọ́ǹpù ń fa omi gba inú rẹ̀, bí rọ́bà rẹ̀ bá ti dẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá sáré, á fà á pọ̀ pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá dín iná ẹ́ńjìnnì kù, họ́ọ̀sì náà á tún là padà, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ ní kí ẹnì kan fún un níná kí ẹ máa wò ó.

Bí omi bá dà wàà, iná púlọ́ọ̀gì ló kù tí mo máa wò, èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn. Tí iná bá ń ta pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, epo á ṣì máa jó nígbà tí písítìn ti ń lọ sísàlẹ̀, títí dé ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ooru tí ìbá di agbára á wọ inú omi. Àmì rẹ̀ ni pé katakata kò lágbára bí tàtijọ́, irin tí èéfín ń gbà jáde sì lè máa pọ́n lálẹ́. Nínú dísítíríbútọ̀ àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, àwọn irin wíwúwo kéékèèké tó ń mú iná tètè ta nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré lè ti dógùn-ún kí wọ́n sì há, kí ó fi dà bíi pé ohun gbogbo dára nígbà tó dúró. Kábúrétọ̀ tí epo tó ń pò mọ́ atẹ́gùn kò tó náà ń mú un gbóná bẹ́ẹ̀.

Ní ti thermostat, ẹ dá a padà. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi fi ń yípo láìdé rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, omi gbígbóná kan á máa yí nínú búlọ́ọ̀kù ni. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi sínú ìkòkò omi lórí iná, èyí tí wọ́n kọ 82 sí lára gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní nǹkan bíi 82 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ìdérí tuntun tí ẹ fi síbẹ̀ ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ìdérí tó ń há oru mọ́nú tí agbára rẹ̀ fi ń tẹ omi á jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, ìdérí 7 psi (psi ni ìwọ̀n agbára títẹ̀ náà) ń gbé e dé nǹkan bíi 110 lórí ìwọ̀n Celsius, àmọ́ rédíétọ̀ tí wọn kò ṣe fún un lè là. Àwọn katakata mìíràn ò ní pọ́ǹpù omi rárá, bíi Fordson Model F tó bẹ̀rẹ̀ ní 1917 àti John Deere Model A ti 1934. Omi gbígbóná ló ń gòkè fúnra rẹ̀, tí tútù ń sọ̀kalẹ̀. Tí omi rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ju ẹnu họ́ọ̀sì òkè lọ, ìrìn parí nìyẹn.

Tó bá tún hó lójú oko, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ má ṣí ìdérí. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná janjan, búlọ́ọ̀kù lè là. Ẹ dúró títí tí ẹ óò fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú láìjó yín lọ́wọ́.

Tó bá wá jẹ́ pé rédíétọ̀ ló dí, ẹ ṣì máa rí i pé ti àtijọ́ yín, bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó mọ jíjó òjé lè ṣí orí rẹ̀, kó fi ọ̀pá tín-ín-rín gún ihò kọ̀ọ̀kan, kó sì tún un jó padà.