Ṣé èèyàn lè rí àwòrán 3D láìwọ awò ojú?

Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè rí i láìwọ awò kankan, Nintendo 3DS, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù kan tó jáde ní 2011, gan-an ò lo awò. Ojú wa méjèèjì jìnnà síra ní bíi sẹ̀ǹtímítà 6, ohun tí tọ̀tún ń rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì, ọpọlọ ló ń pa méjèèjì pọ̀ tá a fi ń mọ ohun tó sún mọ́ wa àti èyí tó jìnnà, torí náà irú sìkìríìnì bẹ́ẹ̀ máa ń fi ìlà tín-ín-rín tàbí lẹ́ǹsì wẹ́wẹ́ pín ìmọ́lẹ̀ kí ojú kọ̀ọ̀kan lè gba tiẹ̀. Lẹ́ǹsì yìí náà ló wà lára káàdì oníke tí àwòrán ẹ̀ máa ń yí pa dà tẹ́ ẹ bá gbé e síbí sọ́hùn-ún.

Ní ti èyí tẹ́ ẹ béèrè láti Òṣogbo, pé ṣé ère lè hàn láàárín títì ní oríta Ọláìyá bíi pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, gíláàsì tó ń jẹ́ ká rí òdìkejì tó tún ń dá ìmọ́lẹ̀ pa dà ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí ṣe pàtàkì gan-an, tẹ́ ẹ bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, àwòrán á dàrú.