Ẹ ti pínyà, ṣé ẹ ti kọ ara yín?

Àbúrò mi tó béèrè bóyá ó lè fẹ́ ẹlòmíì torí òun àti ọkọ rẹ̀ "ti pínyà" láti ọdún tó kọjá, jọ̀ọ́, fara balẹ̀ kà á. Ojú mi ti rí i.

Pínyà ò wúwo lẹ́nu wa. Èèyàn méjì tó jọ wọ mọ́tò lè pínyà ní Ìwó Róòdù kí wọ́n tún ríra lọ́la. Ẹgbẹ́ ń pínyà, oníṣòwò ń pínyà. Bí ìyá ẹ bá sọ fún àlejò pé "wọ́n ti pínyà", aṣọ ló ń fi bò ó. Kò tíì sọ pé ìgbéyàwó ti tú ká.

Akọ̀wé kóòtù kan bi mí pé, "Ṣé ẹ ti kọ ara yín ni?" Mo ní a ti pínyà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ìyàwó wọn ṣì ni yín, mà. Sàtífíkéètì ìgbéyàwó dà?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u ká. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé ní registry, Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u. Ẹni tó bá ní òun á bá ẹ ṣe é ní kóòtù ìbílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, sá fún un. Àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ẹnu wọn sì dùn.

Pípínyà yín náà níṣẹ́ tó ń ṣe o. Òfin 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sọ pé bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 láìdá, tí ẹnì kejì ò sì takò ó, ilé-ẹjọ́ lè fi ìyẹn tú u ká. Bó bá takò ó, ó di ọdún 3. Nítorí náà, ọjọ́ tó o kó jáde ṣe pàtàkì. Rìsíìtì owó yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà, tí epo ti ta sí létí, ni lọ́yà mi fi hàn wọ́n. Ọkọ mi ti ń sọ pé ìrìn-àjò ni mo lọ.

Ní tìrẹ, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ṣe ìdána lórí ẹ. Bó bá jẹ́ registry lẹ ti ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Wá sàtífíkéètì yẹn jáde, kó o gbé e lọ bá lọ́yà.