Bàbá ń jẹ́ Ó Briain, ọmọbìnrin rẹ̀ ń jẹ́ Ní Bhriain: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní kí ọmọ mi, tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní Dublin, wá orírun orúkọ ìdílé mẹ́fà: O'Brien, Gallagher, Murphy, Fitzpatrick, Walsh àti Smith. Èyí tó rú u lójú jù ni pé ọmọbìnrin kan ń jẹ́ Ní Bhriain, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ń jẹ́ Ó Briain. Ṣé bàbá wọn ò pa pọ̀ ni?

Ìdáhùn: Bàbá kan náà ló bí wọn, mà. Ní èdè Áírìṣì, "Ó" túmọ̀ sí ọmọ-ọmọ, "Mac" sì túmọ̀ sí ọmọkùnrin. Obìnrin ò lè jẹ́ "ọmọkùnrin lágbájá", nítorí náà "Ó" di "Ní" fún un, "Mac" di "Nic". Ìyàwó tó gba orúkọ ọkọ ń lo Uí tàbí Mhic. Lẹ́yìn "Ní", B di Bh, ohùn rẹ̀ sì di "v". Bí ọmọ yín bá kọ "Ní Briain", ó ti ṣì í nìyẹn.

Ìdílé O'Brien ń tọ́ka sí Brian Boru, ọba tó kú lójú ogun Clontarf ní 1014. Káńtì (ìpín ilẹ̀ Írẹ́lándì) Clare àti Limerick ni ilé wọn. Donegal ni Gallagher. Murphy ló pọ̀ jù ní gbogbo Írẹ́lándì, ó sì pọ̀ ní Cork àti Wexford, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí kan ṣoṣo, bí Adéyẹmí méjì ṣe lè má tan mọ́ra rárá.

Fitzpatrick ló máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn Norman, ajagungbalẹ̀ tó dé ní 1169, ló mú "Fitz" (ọmọkùnrin) wá láti inú èdè Faransé, irú Fitzgerald. Ṣùgbọ́n Fitzpatrick ò bá wọn wá: Mac Giolla Phádraig ni tẹ́lẹ̀, ọmọ ìránṣẹ́ Patrick Mímọ́, láti agbègbè Laois àti Kilkenny. Walsh, Breathnach lédè Áírìṣì, kàn túmọ̀ sí "ará Wales" ni. Ará àdúgbò ló ń fi pe àlejò, ìdí nìyẹn tó fi fọ́n ká Mayo, Waterford àti Kilkenny.

Smith gba sùúrù. Ní Cavan, ọ̀pọ̀ wọn ni Mac Gabhann, ọmọ alágbẹ̀dẹ (àwa ì bá fi Ògún bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn), tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Skọ́tlándì. Orúkọ nìkan ò lè sọ èyí tó jẹ́. Ẹ béèrè káńtì tí bàbá àgbà ti wá.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, ẹ lọ sí ìkànnì National Archives ti Írẹ́lándì, níbi tí ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó ṣáájú ìyẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ kù: òmíràn jóná ní Four Courts, ọgbà ilé ẹjọ́ ní Dublin, ní 1922, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ba òmíràn jẹ́. Ẹ tẹ orúkọ náà láìsí O', lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ju Ó àti Mac nù lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó tún gbé e padà, nítorí náà Sullivan inú ìwé 1901 lè jẹ́ O'Sullivan lónìí. Ẹ yan káńtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tó jáde sílẹ̀, kí ọmọ sì fi kun àwòrán ilẹ̀ káńtì 32. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé iye ti Dublin o, torí ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmì ìdílé tí wọ́n ń tà fún àlejò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má rà á: ẹnì kan ni wọ́n máa ń fún ní irú àmì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Murphy.