Ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ má sì fi lé oúnjẹ lórí

Àǹtí mi, ẹ ní ẹnì kan sọ fún yín pé kí ẹ máa lọ ẹ̀fọ́ tútù pọ̀ mọ́ èso, kí ẹ máa mu ún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún odidi oṣù kan, kí ẹ má fẹnu kan nǹkan mìíràn, pé ẹ máa jò dáadáa. Ó pẹ́ tí mo ti ń mu ún, ó sì ti mú mi jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ti oṣù kan láìjẹun yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ara ò bá rí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja, ẹran ara gan-an ló máa ń jẹ mọ́ ọ̀rá. Tí ẹ bá sì padà sídìí iyán, kì í pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi ń padà.

Ewé fúnra rẹ̀ kì í yọ ọ̀rá. Ohun tí ẹ bá fi rọ́pò ni kí ẹ wò. Búrẹ́dì Agége oníbọ́tà àti tíì tí mílíìkì kún inú rẹ̀ ni mo ń jẹ láàárọ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ẹlẹ́rìndòdò tútù. Ife ẹ̀fọ́ ló gba ipò búrẹ́dì, omi ló gba ti ẹlẹ́rìndòdò. Aládùúgbò mi kan ń mu tirẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹ àmàlà tán, ó ní kó lè bá òun fọ inú. Kò jò o, ńṣe ló tún sanra sí i.

Tèmi ò le rárá: ìkúnwọ́ ewé úgú kan, ààbọ̀ kùkúḿbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan péré, atalẹ̀ díẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọsàn yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan, fítámì C inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ara lè gba èròjà irin tó wà nínú ewé. Ẹ já igi úgú kúrò o, pàápàá okùn tínínrín tó fi ń fà mọ́ ọ̀pá, torí ó máa ń wé mọ́ abẹ bìlẹ́ńdà títí ẹ́ńjìnnì á fi máa rùn. Ewé àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀ kúnná kí ẹ tó da èso sí i. Kíá ni kí ẹ mu ún. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣì.

Àwọn kan máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ bí ẹní ń sẹ́ ògì, wọ́n á da èèrí nù, wọ́n á mu omi rẹ̀. Èèrí yẹn ló ń múni yó, òun ni kì í jẹ́ kí ṣúgà èso sáré wọnú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń mú ìgbẹ́ rọ̀. (Kí n má parọ́, ìgbẹ́ tó ń lọ déédéé ni èrè tí mo kọ́kọ́ rí, kí síkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nídìí mi.)

Ẹ ṣọ́ra fún oyin. Ṣíbí ńlá kan tó bíi kálórì 60, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sì ń lọ sí bíi 100. Ẹni tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, oyin ṣíbí méjì àti mílíìkì inú agolo sínú ife kan, oúnjẹ ọ̀sán ló mu yẹn. Èmi a máa fi ẹyin bíbọ̀ méjì tàbí mọ́ínmọ́ín kan tì í, torí nǹkan mímu nìkan kì í gbé mi dé ọ̀sán.

Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, ẹ má lọ̀ wọ́n ní tútù lójoojúmọ́. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalate pọ̀ nínú wọn, ó sì lè di òkúta nínú kíndìnrín. Ṣé ẹ rí i pé àwọn ìyá wa máa ń bọ tẹ̀tẹ̀ ni, wọ́n á sì fún omi rẹ̀ dànù? Úgú náà, ẹ fọ̀ ọ́ léwé-léwé, torí ìgbẹ́ adìyẹ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ fi ń ṣe ajílẹ̀. Omi iyọ̀ kì í pa gbogbo kòkòrò. Èmi máa ń rì í bọ omi gbígbóná, kí n sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ ń lo oògùn kankan. Bó bá jẹ́ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fítámì K inú ewé lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí kíndìnrín bá ń yọ yín lẹ́nu, pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ lè pọ̀ jù fún yín. Bó bá sì jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, èso inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Ẹ kó àwọn oògùn yín lọ fi han dókítà kí ẹ tó náwó lórí bìlẹ́ńdà.