"Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ ni mí nínú ẹ̀mí"

Ìbàdàn ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Mo ti gé e kúrú:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti di àtúnbí. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà, n kì í sì í pa ìṣọ́ òru jẹ. Arábìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì tó fayé ẹ̀ fún Jésù ni wọ́n wá fi ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Ó ń fèdè fọ̀, ó ń ríran. Èmi ò fèdè fọ̀ rí. Inú bí mi débi pé n ò yọjú síbi ìdánrawò orin fún oṣù kan. Wòlíì kan tí ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ bá ní ọmọ ọwọ́ ni mí nínú ẹ̀mí, pé àfi kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 lórí òkè, láìjẹ láìmu, kí n sì mú ₦40,000 wá fún àwọn tó máa bá mi gbàdúrà. Mo ní ọgbẹ́ inú. Ṣé kí n lọ?"

Àbúrò mi, má lọ. Jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí o tó ka ìyókù. Ẹni tí kò fomi kan ẹnu fún ọjọ́ 21 kì í délé mọ́, ká má tíì sọ ti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Wọ́n á ní Dáníẹ́lì ṣe é. Ṣí Bíbélì rẹ sí Dáníẹ́lì orí 10, ẹsẹ 3. Oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ló yẹra fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kò síbi tó ti ní òun ò mumi. Bó o bá fẹ́ gbààwẹ̀, bi dókítà rẹ léèrè, kí o gba èyí tí ara rẹ gbé. ₦40,000 yẹn, fi kún owó ọjà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́. Ìwọ àti wòlíì yẹn jọ gbà pé ẹni tó ń fèdè fọ̀ ti dàgbà, pé ẹni tí kò fèdè fọ̀ ṣì ń rákòrò. Ẹ lọ wo ìjọ Kọ́ríńtì. Nínú ìwé kìn-ín-ní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí wọn, orí 1, ẹsẹ 7, ó ní wọn ò rẹ̀yìn nínú ẹ̀bùnkẹ́bùn. Èdè ń bẹ, àsọtẹ́lẹ̀ ń bẹ, ìwòsàn ń bẹ. Ṣí i dé orí 3: àwọn èèyàn yìí kan náà ló pè ní ọmọ ọwọ́, tó ní wàrà lòun fi bọ́ wọn. Kí ló rí lára wọn? Owú jíjẹ àti ìjà.

Torí náà n ò ní tàn ọ́. Àmì ọmọ ọwọ́ wà nínú lẹ́tà rẹ lóòótọ́, inú oṣù kan tí o fi bínú sá fún orin ló wà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ẹ̀bùn; Ọlọ́run lè fún ẹni tó gbà á gbọ́ lánàá. Àkísà ni ọdún ń kó jọ: ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ ọ jẹ tí o ò bú wọn, àdúrà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣí fún ọdún mẹ́ta tí o ṣì ń kúnlẹ̀ sí i. Arábìnrin yẹn láṣọ. Ẹni tí tirẹ̀ ti gbó díẹ̀ ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìwọ lo sì wá ń bínú sí i yìí.

Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún tí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò mi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, àga ẹ̀yìn pátápátá ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jókòó lé, mo ń ṣọ́ ọ bóyá á ṣi ìwé kà. (Ó ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn. Ojú ṣì ń tì mí.)

Jòhánù Máàkù náà sá rí. Ó fi Pọ́ọ̀lù àti Bánábà sílẹ̀ ní Páńfílíà, ó gba Jerúsálẹ́mù lọ. Nígbà tí Bánábà tún fẹ́ mú un dání, Pọ́ọ̀lù fárígá, àwọn méjèèjì sì pínyà nítorí rẹ̀. Bánábà mú un wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, ó mọ̀ pé ikú ti dé tán, ó wá kọ̀wé sí Tímótì pé kó mú Máàkù dání, nítorí ó wúlò fún òun. Máàkù dàgbà. Mo máa ń rò ó pé Pọ́ọ̀lù náà dàgbà.

Bó o bá fẹ́ èdè, tọrọ rẹ̀, kò léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ka orí 14, ẹsẹ 19 ìwé Kọ́ríńtì yẹn kan náà kó o tó wo ara rẹ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Ìdánrawò orin tó ń bọ̀ yìí, lọ. Kó o tó lọ, yà nílé arábìnrin yẹn, kí o kí i kú oríire, kí o bi í bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí lára rẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì rẹpẹtẹ, ó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé o ń bínú. Àmọ́ bó bá béèrè ibi tí o wà láti oṣù kan, má parọ́ àìsàn fún un.

Kí o sì lọ rí dókítà. Gbólóhùn kúkúrú kan ṣoṣo lo fi mẹ́nu ba ọgbẹ́ inú yẹn, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ.