Búrọ́ọ̀ṣì Oníná Tí Ọmọ Fi Ránṣẹ́ Láti Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníná ránṣẹ́ sí mi. Ẹni ọdún 63 ni mí, làkúrègbé kì í jẹ́ kí ọwọ́ mi di nǹkan mú dáadáa. Nígbà tí mo lò ó, ọṣẹ ta sí mi láṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì jáde lérìgì mi. Ṣé kí n máa lò ó lọ, àbí kí n gbé e fún ẹlòmíì? – Ìyá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni o, Mà. Irú yín gan-an ló wúlò fún jù. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ṣì le, tó ń fara balẹ̀ fọ eyín fún ìṣẹ́jú méjì, lè máa lo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò tí àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, gbé jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé tí wọ́n bá lo oníná ju oṣù mẹ́ta lọ, ìdọ̀tí ara eyín máa ń fi nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 dín sí ti búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Ó dáa, àmọ́ kì í ṣe idán.

Kẹ́ ẹ tó ki ṣájà rẹ̀ bọ iná, ẹ yí ìdí ẹ̀ wò. Tí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa lè jó o lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ọṣẹ tó ń ta, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì lé eyín ná, ẹ pa ẹnu dé díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lò nìyí: wọ́n á tún máa fi gbo eyín bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀, ọwọ́ yín kàn ń gbé e kiri ni. Tí orí rẹ̀ bá rí roboto, ẹ gbé e lé eyín kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ sún sí èkejì. Tó bá gùn, ẹ jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ níbi tí eyín ti pàdé èrìgì, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dá dúró fìrí ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ lè bọ́ sí apá mìíràn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń tan iná pupa tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, èrìgì tó ti wú nítorí ìdọ̀tí tó ti pẹ́ ló ń fà á. Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó yẹ kó dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá dáwọ́ dúró, tàbí tí eyín bá ń mì, ẹ lọ rí dókítà eyín. Ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè ha á kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ẹ sọ fún dókítà eyín náà.

Pákò yín, ẹ máa rún un lọ (èmi náà fẹ́ràn orin àtà), ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ọṣẹ tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín.

Ẹ wá ní kí ọmọ yín kó orí búrọ́ọ̀ṣì náà sí i ránṣẹ́, onírun rírọ̀, irú èyí tó bá tiyín mu gan-an, torí ti ilé iṣẹ́ mìíràn lè má wọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó tó bẹ́ẹ̀ tí irun ẹ̀ bá ti fọ́n ká.