Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá fídíò ogun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp àti Facebook jẹ́ òótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wá ìgbà tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dá fídíò náà dúró níbi tó ti hàn kedere, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, kí ẹ gbé e sí Google Lens tàbí TinEye, tó máa ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti jáde ṣáájú ogun tí wọ́n ní ó ti wá, ó parí nìyẹn. Púpọ̀ nínú irọ́ ogun ò gba ọgbọ́n kankan: fídíò àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí lábẹ́.

Géèmù náà tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, Bohemia Interactive tó ṣe géèmù Arma 3 fúnra wọn jáde sọ pé àwọn kan ń fi géèmù àwọn ṣe fídíò ogun Ukraine. Àmì tí wọ́n ní ká máa wò: àwòrán tí kò hàn kedere, kámẹ́rà tó ń gbọ̀n, òkùnkùn, àìsí ohùn, àti pé ẹ ò ní rí èèyàn tó ń rìn.

Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú ojú àti ohùn èèyàn (deepfake) ló le jù. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, irú fídíò bẹ́ẹ̀ kan gbé Zelensky, ààrẹ Ukraine, jáde níbi tó ti ń ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ohun ìjà sílẹ̀. Orí ò bá ọrùn mu, ohùn ò jọ tirẹ̀, kíá ni àṣírí tú. Ti ìsinsìnyí dán ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síta. “Ẹ tètè pín in kí wọ́n tó yọ ọ́”? Èmi kì í tilẹ̀ wo irú ẹ̀ dópin.